Ẹlẹ́rìí Kékeré Inú Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Lè Fọ MAF Sensor Ọkọ̀ Wa Nílé

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan tí yóò wúlò fún ilé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa retí ìwàásù, nítorí kọ́là tó wà lọ́rùn wa. Ìwàásù kò ní tán láyé. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ́ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ fi ń gbé àwọn ọmọ wá sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀, àti ti owó tó ń jò lọ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé olè kankan jà.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú rí láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní Èkó fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń lọ sópin, ó ti ń rìn yí ₦1,000 ká. Fún ẹni tó ń ti Ìgándò lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́, tó ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún, Ìdìmú àti Ẹ̀gbẹ́dá wọ̀yá ìjà, ọkọ̀ tó ń mu epo ju bó ti yẹ lọ ti di gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń kú lójijì lójú pópó ní alẹ́, tí àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Àìsàn méjèèjì yìí lè wá láti ara ohun kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ, tí a sì lè fọ̀ fúnra wa láàárín wákàtí kan. Ohun náà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní MAF sensor.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe

Àwa tí a dàgbà ní ìgbà Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, àti Volkswagen oníjàpá tí wọ́n ń tò ní ọ̀nà Àgbádárìgì láti ọdún 1975, mọ kábúrétọ̀ dáadáa. Òun ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nígbà náà. Mẹ́káníìkì a dẹ etí sí ohùn ẹ́ńjìnnì, a yí síkúrù díẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì bùṣe. Ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà kan, tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní brain box, ló ń pinnu iye epo tí yóò wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í jẹ epo nìkan. Kí gíráàmù epo kan tó lè jó bó ti yẹ, ó nílò gíráàmù afẹ́fẹ́ tó tó 14.7. Tí a bá ṣírò rẹ̀ síwájú, lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo yóò fa afẹ́fẹ́ tí yóò kún tánkì omi oní lítà 1,000 tó ju mẹ́sàn-án lọ. Nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà tó mọ ìwọ̀n epo tí yóò bù, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà náà kò lójú, kò sì nímú. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́. MAF sensor ni ẹlẹ́rìí náà.

Báwo ni ẹlẹ́rìí yìí ṣe ń mọ̀? Ẹ rántí ìyá tó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ògì gbígbóná kí ọmọ rẹ̀ tó mu ún. Bí ó bá fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́, ògì a tutù díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ kíkankíkan, a yára tutù. Nínú MAF sensor, wáyà kan wà tó tín-ín-rín bí irun orí, platinum ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é. Iná mànàmáná ń mú un gbóná ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára rẹ̀ ń mú un tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tí yóò mú un padà gbóná yóò ṣe pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà a wo iye iná tí wáyà náà gbà, a sì ti ibẹ̀ mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ohun tí olùkọ́ Físíìsì ń kọ́ wa nípa ooru àti ìṣàn iná ní kíláàsì ni wọ́n gbé lọ sínú ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì wà lára àwọn tó mú irú wáyà gbígbóná yìí wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n tètè mọ̀ pé ìdọ̀tí ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ṣètò kí wáyà náà máa pọ́n bí ẹyin iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀gbin ara rẹ̀ lè jó dànù. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń lò nísinsìnyí kò ní ètò yẹn. Ọwọ́ wa ni ìmọ́tótó rẹ̀ wà.

Bí ó ṣe ń di ẹlẹ́rìí èké

Àsẹ́ afẹ́fẹ́, tí à ń pè ní air filter, ló yẹ kí ó dá eruku dúró kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbègbè wa. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,270,000, a sì ti pọ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò inú Ìjẹ̀gùn, Ayọ̀bọ̀ àti Ìgándò kò tíì ní ọ̀dà títì. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a gba ilé gba ọkọ̀. Bí òjò bá dé, omi a kún ojú ọ̀nà, ó sì lè ta wọ inú àpótí àsẹ́.

Àṣà tiwa náà ń dá kún un. Àwọn kan ń fi àsẹ́ bẹ́ẹ̀bà gbá táyà kí eruku rẹ̀ lè gbọ̀n dànù. Àwọn mìíràn ń gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi atẹ́gùn líle fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀bà náà lè ya níbi tí ojú kò tó. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Àsẹ́ ayédèrú tí kò bá àpótí mu tún ń bẹ lọ́jà, tí eruku ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí eruku àti òróró ẹ́ńjìnnì bá pàdé lára wáyà, wọ́n a bò ó bí aṣọ. Ẹni tó wọ aṣọ òtútù kò ní mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà náà ṣe máa ń ròyìn pé afẹ́fẹ́ kò pọ̀, nígbà tí ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà a bu epo díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa fà tìkọ̀tìkọ̀, kò ní lágbára láti gun òkè. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹlẹ́rìí náà a bù mọ́ ọ̀rọ̀: epo a pọ̀ jù, èéfín dúdú a máa jáde ní sàlẹ́ńsà, owó a sì máa bá èéfín lọ.

Àwọn àmì tí a fi ń fura sí i nìwọ̀nyí: iná check engine tó tàn tí kò kú, ọkọ̀ tó ń ṣòro láti tan ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n tàbí tó ń kú nígbà tí a bá dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ tí kò tètè dáhùn nígbà tí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, àti epo tó ń tán kíákíá láìsí pé ọ̀nà tí à ń rìn gùn sí i.

Ká gbọ́ ẹjọ́ kí a tó dá a

Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ti MAF sensor nìkan. Fuel pump tó ti rẹ̀, plug tó ti jó, rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya, gbogbo wọn lè mú irú àìsàn kan náà wá. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣòfò. Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí ó ra fuel pump, ó rà á. Wọ́n ní kí ó pààrọ̀ plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó pààrọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí brain box, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ti yà sọ́tọ̀ ni ó ti ń gé jẹ. Ríwáyà kan tó ní scanner ló wá bá wọn wò ó. Wáyà MAF sensor ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n fọ̀ ọ́, ọkọ̀ náà sì padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ wọlé ní tẹ́ẹ̀mù yẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó náwó. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, tí púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wa sì wà lára wọn, ló ní ojú ibi tí a ń ki scanner bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Bí scanner bá gbé P0101, P0102 tàbí P0103 jáde, MAF sensor tàbí wáyà tó so mọ́ ọn ni a ó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá gbé P0171 jáde, ohun tó ń sọ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀bi MAF sensor, ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ihò wọlé lẹ́yìn tó ti kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ìyẹn? Ó ní ẹlẹ́rìí kejì tó wà ní ọ̀nà sàlẹ́ńsà, tí wọ́n ń pè ní oxygen sensor, tó ń wo èéfín lẹ́yìn tí epo bá ti jó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjèèjì kò bá dọ́gba ni iná check engine ń tàn. Iná náà kò dárúkọ ọ̀daràn. Ó kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ ni.

Ẹ wo rọ́bà ńlá tó so àpótí àsẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ya, kí ẹ sì wo bóyá ìdè rẹ̀ ti dẹ̀. Bí èyí bá dára, tí àmì náà sì wà síbẹ̀, ó tọ́ kí a fọ MAF sensor.

Ohun tí a nílò

Ohun àkọ́kọ́ ni agolo oògùn ìfọ̀ tí wọ́n kọ MAF sensor cleaner sí lára. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, Múṣin, ń tà á. Ẹ má ṣe gba carburettor cleaner tàbí brake cleaner dípò rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọ́n lè ba ike àti ohun tí wọ́n fi bo wáyà náà jẹ́. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ohun kejì ni screwdriver tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú. Ẹ fi aṣọ mímọ́, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kún un.

Oògùn náà máa ń gbiná wéréwéré. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe iṣẹ́ yìí, ní ibi tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sítóòfù àti ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi agolo náà ṣeré.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ wá àpótí dúdú tí àsẹ́ afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́bàá ibi tí rọ́bà ńlá ti jáde nínú àpótí náà ni MAF sensor máa ń wà. Lára Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó pọ̀ ní òpópónà wa, orí àpótí náà gan-an ni wọ́n fi síkúrù méjì dè é mọ́. Àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá àwọn Honda kan tí ọjọ́ wọn ti pẹ́, kò ní MAF sensor rárá. Ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má ṣe tú ohun tí ẹ kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ahọ́n ike tó wà lára orí wáyà, kí ẹ sì fà á jáde. Ike rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kí ẹ má ṣe fa wáyà. Ẹ tú síkúrù méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n síbi tí wọn kò ti ní sọnù, kí ẹ wá fa sensor náà jáde tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ kíyè sí ojú tó kọ sí kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni yóò padà wọlé.

Ẹ mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí wáyà tín-ín-rín nínú ihò rẹ̀, ẹ ó sì rí ohun kékeré kan bí orí ìṣáná tó ń díwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má ṣe fi aṣọ, òwú, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tàbí ìyẹ́ adìyẹ nù wọ́n. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ wọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹ̀rọ fọkanáísà. Wáyà yẹn lè já bí òwú aláǹtakùn, bó bá sì já, ó di rírà.

Ẹ fi oògùn fín in díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ìwọ̀n ìgbà tí ìka ọwọ́ kan jìnnà sí i. Ẹ yí i, kí oògùn lè dé gbogbo ẹ̀gbẹ́ wáyà náà. Ẹ ó rí omi dúdú tí yóò máa kán sílẹ̀. Nígbà tí èyí tó ń kán bá mọ́, ó tó.

Ẹ wá gbé e sórí aṣọ mímọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí òjò bá ṣú, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan. Ìkánjú ló máa ń ba apá yìí jẹ́. Bí a bá tan iná sí i nígbà tí oògùn kò tíì gbẹ, a lè fi ọwọ́ ara wa ba ohun tí à ń tún ṣe jẹ́. Nígbà tí ó bá ń gbẹ, ẹ ṣí àpótí àsẹ́, ẹ nu eruku inú rẹ̀, kí ẹ sì fi àsẹ́ tuntun tó bá àpótí náà mu sí i. Kò sí èrè nínú ká fọ ẹlẹ́rìí tán kí a tún dá a padà sínú eruku.

Ẹ wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìdí sensor ká, kí ẹ rí i pé kò ya. Ẹ dá sensor padà, ẹ dè é mọ níwọ̀n, ẹ ki orí wáyà bọ̀ ọ́ títí yóò fi dún, kí ẹ tó dá bátìrì padà. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbóná. Ó lè kọ́kọ́ gbọ̀n díẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá ní scanner, ẹ pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, kí ẹ sì wo iye afẹ́fẹ́: ẹ́ńjìnnì oní lítà 1.8 tó ti gbóná, tó dúró sójú kan, tí a kò tan ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀, sábà máa ń fa bí gíráàmù méjì sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí fífọ̀ kò bá ràn án

Bí àmì náà bá padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a lè wá máa ronú àtipààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yá ti ọ̀rẹ́ tí irú ọkọ̀ rẹ̀ bá tiyín mu régí, kí ẹ fi dán an wò. Bí ọkọ̀ yín bá gbádùn pẹ̀lú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Nọ́ńbà wà lára sensor kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ògbólógbòó yín dání lọ sọ́jà, kí nọ́ńbà ti tuntun sì bá a dọ́gba. Ojúlówó Belgium, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun, sàn ju tuntun ayédèrú tí àpò rẹ̀ ń dán lọ. Ẹ bá oníṣòwò ṣàdéhùn pé ẹ ó dá a padà bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó.

A kò kọ èyí láti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn mẹ́káníìkì wa. Ọmọlúàbí pọ̀ nínú wọn ní Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ yóò lè bá mẹ́káníìkì rere sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, yóò sì lè dá ẹni tó ń fi owó olówó méfò mọ̀. À ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa pé, nínú ẹ̀bùn tí a ó fi ṣe àjọ̀dún yìí, kí a fi scanner kan àti àwọn ògbólógbòó sensor díẹ̀ ta yàrá ẹ̀kọ́ Físíìsì lọ́rẹ, kí àwọn ọmọ wa, ọkùnrin àti obìnrin, lè fojú rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé.

Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò burú, ẹ́ńjìnnì kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìròyìn tí kò tọ̀nà ló ń kó ìyà bá àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú. Ìdí nìyẹn tí òfin kẹsàn-án fi wà nínú àwọn Òfin Mẹ́wàá. Kí a tó lé ẹlẹ́rìí dànù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wẹ ojú rẹ̀, kí a sì tún bi í ní ìbéèrè.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa lójú pópó, kí Ó sì mú ilé ẹ̀kọ́ wa pẹ́ títí. Àmín.